Orí Keje: Ọdún 1973, Nígbà Tí Rọ́ọ̀kì Líle Pàgọ́ sí Èkó

Ohun tí a ń lépa nínú orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ohun tí a ń pè ní rọ́ọ̀kì líle àti heavy metal, kí ó sì ṣàlàyé ibi tí ohùn wọn ti ṣẹ̀;
(b) ṣàlàyé bí gìtá oníná ṣe ń mú ohùn híhá jáde, kí ó sì fi í wé ohun èlò orin kan ní agbègbè tirẹ̀;
(d) dárúkọ àwọn olórin àti àwo tí ó sọ ọdún 1973 di ọdún tí a kò lè gbójú fò nínú ìtàn orin Nàìjíríà;
(e) sọ ohun tí Fẹlá torí rẹ̀ bá Paul McCartney wí.

7.1 Orin tí a bí ní ilé iṣẹ́ irin

Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú Ṣakí rí, tí ó sì ti kọjá lẹ́bàá agbẹ̀dẹ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ewìrì ń mí, tí ẹ̀mú di irin pípọ́n mú, tí ọmọ-owú sì ń sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí, yóò mọ̀ pé irin ní ohùn tirẹ̀, àti pé ohùn náà kì í ṣe ariwo lásán létí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ a máa fi etí mọ ìgbà tí irin ṣì rọ̀ àti ìgbà tí ó ti ń le padà. Ìlú tí ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ògún lákáayé, tí Òkè Àṣábàrí sì ṣíji bò, kò yẹ kí ó ka orin irin sí àjèjì. Orin tí orí yìí dá lé lórí ni àwọn Òyìnbó sọ ní heavy metal, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ irin wúwo.

Kí a tó dé orí ọmọ, ẹ jẹ́ kí a mọ bàbá àti bàbá-bàbá rẹ̀. Rọ́ọ̀kì ni orin tí ó ti inú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jáde, pàápàá èyí tí a ń pè ní blúùsì, tí a ń fi gìtá oníná, gìtá báàsì àti ìlù ṣe. Rọ́ọ̀kì líle ni ẹ̀yà rẹ̀ tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1965, tí gìtá rẹ̀ ń pariwo, tí ìlù rẹ̀ sì ń rọ́ bí ààrá. Heavy metal ni ó bí ní àbíkẹ́yìn: ohùn gìtá tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ó sì nípọn jù ú lọ.

Ilé iṣẹ́ irin ni ìtàn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tony Iommi nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ kan ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, já orí ìka méjì dànù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ní ọjọ́ tí ó ti pinnu pé òun yóò ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an ni ó fi ń tẹ okùn gìtá. Ẹlòmíràn ì bá gbé gìtá kọ́ sára ògiri títí ayé. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi mọ fìlà kékeré fún ìka méjèèjì, ó lẹ awọ mọ́ wọn lórí kí wọn má baà máa yọ̀, nígbà tí ó sì yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn gìtá kí títẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀ fún ìka tí ń dùn ún. Okùn tí a bá dẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń lọ, gẹ́gẹ́ bí onígángan ṣe mọ̀ pé bí òun bá dẹ ọṣán, ohùn ìlù yóò rẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970 ni àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath, ẹgbẹ́ tí Iommi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá sílẹ̀, jáde. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn orin ti ń ka ọjọ́ orí heavy metal.

7.2 Bí ohùn gìtá ṣe ń há

Ọ̀pọ̀ gìtá oníná kò ní ikùn tí ohùn ń gbé inú rẹ̀ ró bíi ti gìtá onígi. Okùn irin ni a ta sí i, abẹ́ okùn náà ni òòfà wà, tí a wé wáyà tín-ín-rín yí ká ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n, iná mànàmáná kékeré a máa ṣàn nínú wáyà náà, a sì gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ohùn kékeré di ńlá. Bí ẹni tí ń ta gìtá bá wá fún ẹ̀rọ yìí ní iná tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ìyá alágbàdo ń ṣe lọ́jà nígbà tí ó bá bu àgbàdo kún igbá ìwọ̀n gègèrè, tí ó sì fi ọwọ́ gbá ṣóńṣó orí rẹ̀ dànù kí ó lè tẹ́jú bá ètí igbá: orí ìgbì ohùn náà ni a óò gé pẹrẹsẹ, ìró tí yóò sì tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni a ń pè ní ohùn híhá, tí ó ń kùn, tí ó ń ya, tí ó sì ń pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó kú.

Létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àbùkù ni. Ṣùgbọ́n kí a wo ìyáàlù dùndún dáadáa. Igi gbígbẹ́, awọ ewúrẹ́ àti ọṣán ti tó láti mú ìlù sọ̀rọ̀, síbẹ̀ àwọn bàbá wa kò kà á sí ìyáàlù tí ó pé àfi bí a bá so ṣaworo mọ́ ọn, kí ìró idẹ lè máa mì tìtì lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlù bá sọ. Ariwo tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ohùn lọ́ṣọ̀ọ́ ni ṣaworo. Ariwo tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ohùn lọ́ṣọ̀ọ́ náà ni ohùn híhá. Èyí wà lára ìdí tí gìtá líle kò fi ṣe àjèjì pẹ́ létí àwọn ọ̀dọ́ Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ríìfù ni gbólóhùn gìtá kúkúrú tí a ń ta látàtúnta nínú orin, tí gbogbo ohun yòókù sì ń dúró lé. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ríìfù rí.

7.3 Nàìjíríà ní ọdún 1973

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Nínú oṣù kan náà ni ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì wáyé ní Èkó. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn kò tíì sí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, nítorí ọdún 1976 ni a tó dá a sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà. Èkó ni owó wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ilé iṣẹ́ àwo EMI ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí, ní Àpápá, lójú ọ̀nà Wharf. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni ibi tí a ti ń gba orin sínú téèpù kí a tó tẹ̀ ẹ́ sí àwo.

7.4 Onílù tí ó gba aṣálẹ̀ wá

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ginger Baker, ọmọ London tí a bí ní ọdún 1939, ti lókìkí ní gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí onílù ẹgbẹ́ Cream, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó la ọ̀nà fún rọ́ọ̀kì líle láàárín ọdún 1966 sí 1968. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, tí òkìkí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó gbé ọkọ̀ Range Rover, ó gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó dé Nàìjíríà, nítorí pé ìlù ilẹ̀ yìí ni ó ń wá kiri. Ó bá Fẹlá, gbajúgbajà olórin Èkó, ṣeré, àwo tí wọ́n jọ ṣe sì jáde ní ọdún 1971. Ó kó ẹgbẹ́ kan jọ tí ó pè ní Salt, nínú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà méjì wà tí a óò pàdé láìpẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973 ni ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀, ARC, ní Ìkẹjà, tí Èkó fi wá ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ti EMI níbi tí a ti lè gba ohùn ìlù àti gìtá líle sílẹ̀ bí ó ti yẹ.

7.5 BLO àti Ofege

Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àlejò ni Baker. Àwọn ọmọ ilé ni ó sọ 1973 di ọdún tí à ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ BLO, orúkọ wọn sì ni ó para pọ̀ di orúkọ ẹgbẹ́: Berkely Jones ni ó ń ta gìtá, Laolu Akintobi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Laolu Akins, ni ó ń lu ìlù, Odumosu, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Gbenga tí wọ́n sì tún ń pè ní Mike, ni ó ń ta gìtá báàsì. Berkely àti Laolu ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Clusters ní Èkó, wọ́n tún jọ bá Baker ṣiṣẹ́ nínú Salt. Ní ọdún 1973, EMI gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde, *Chapter One*.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn mẹ́ta ṣe lè kún inú àwo kan dẹ́nu, kí ó lọ jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ìlú Asẹ́yìn, kí ó wo òfì. Òwú gígùn tí ahunṣọ ta sílẹ̀ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ń dúró lé láti àárọ̀ dé alẹ́: gìtá báàsì Odumosu ni ìyẹn. Igi tí ó fi ń gbá òwú pọ̀, gbà, gbà, gbà, tí kì í jẹ́ kí aṣọ ṣe jáujàu, ni ìlù Laolu. Ọ̀kọ̀ tí ń sáré lọ sọ́tùn-ún, tí ń sáré bọ̀ sósì, tí ó ń gbé àwọ̀ dídán wọ inú aṣọ, ni gìtá Berkely Jones. Bí ahunṣọ bá fẹ́ ẹtù, bí ó sì fẹ́ àlàárì, ohun mẹ́ta yìí kò yí padà.

Nínú àwo náà ni orin kan wà tí wọ́n pè ní *Chant to Mother Earth*. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí tí àwọn baba wọn ń júbà fún kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọjú sí. Ohun èlò láti òkèèrè ni, ìjúbà láti ilé ni. A kò sì rí ibi tí a ti lè la ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Bí ti BLO bá yani lẹ́nu, kí ni a óò ti sọ ti Ofege? Àwọn wọ̀nyí ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní St. Gregory's College, ní Èkó, ọ̀dọ́langba tí ó yẹ kí wọ́n máa ka ìwé ìdánwò ní alẹ́, Melvin Ukachi sì ni ó ń ṣáájú orin fún wọn. Odion Iruoje, tí ó ń ṣe kòkárí ìgbohùnsílẹ̀ ní EMI, gbọ́ wọn, ó sì rí i pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe eré ọmọdé. Àgbà mìíràn ì bá lé wọn lọ sí ilé ìwé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: ó kó wọn wọlé, àwo *Try and Love* sì jáde ní ọdún 1973. Gìtá inú rẹ̀ há bí ohùn ẹni tí ó ti kígbe láti àná, síbẹ̀ báàsì rẹ̀ rọ̀ lábẹ́, ìlù rẹ̀ sì ń jó. Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú àwọn orin náà lórúkọ, *Gbe Mi Lo*. Àwo yìí tà káàkiri Nàìjíríà, ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé gbàgbọ́ pé àwọn náà lè gbé gìtá.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni iná yìí ti ń jó. Ní Ìlà-Oòrùn, níbi tí ogun ti jà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi Funkees ti Aba dìde. Ní Kútọ́nù, lẹ́yìn ẹnubodè tí kò jìnnà sí Ṣakí, Orchestre Poly-Rythmo ń da gìtá oníná pọ̀ mọ́ ìlù ilẹ̀ wọn. Ní Sáńbíà, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe èyí tí a wá ń pè ní Zamrock.

7.6 Paul McCartney ní Àpápá

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, dé sí Èkó láti gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, Wings. Rọ́ọ̀kì ni tirẹ̀, kò le tó ti Black Sabbath. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí le.

Kí ó tó kúrò nílé ni méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ń lu ìlù àti ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta gìtá, ti fi í sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé òun, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine nìkan ni ó kù. Ìgbà òjò ni wọ́n bọ́ sí. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Àpápá kò ní gbogbo ohun tí ojú wọn ti mọ̀ ní London: ojú ọ̀nà téèpù mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ní, èyíinì ni pé ohùn mẹ́jọ tí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni téèpù lè gbà kí a tó dà wọ́n pọ̀, Geoff Emerick tí ó wá bá wọn gba ohùn sílẹ̀ sì ní láti mú káfíńtà kan igi tí yóò pààlà láàárín ohun èlò kan sí èkejì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí Paul àti Linda ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n gba àpò wọn, inú àpò náà sì ni ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí wà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi dá àwọn orin náà wò. Inú orí ni Paul ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n yọ, orin kan lẹ́yìn èkejì, tí ó sì ń lu ìlù fúnra rẹ̀ nítorí pé kò sí onílù. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: àwo *Band on the Run*, tí wọ́n lọ parí ní London tí ó sì jáde kí ọdún náà tó tán, wà lára àwọn tí ó tà jù lọ nínú gbogbo àwo tí ọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn Beatles.

Ginger Baker kò fẹ́ kí àlejò yìí lọ láìdé ọ̀dọ̀ òun. Orin kan ṣoṣo, *Picasso's Last Words*, ni wọ́n lọ gbà sílẹ̀ ní ARC ní Ìkẹjà, Baker fúnra rẹ̀ sì mi agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí nínú rẹ̀ bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

7.7 Ẹ̀sùn tí Fẹlá fi kàn án

Ní ọdún kan náà ni Fẹlá, tí ó ṣì ń jẹ́ Ransome-Kútì nígbà náà, gbé *Gentleman* jáde. Bí ó ti gbọ́ pé McCartney wà ní Èkó, ó bá a dé ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó sì fi ẹ̀sùn kàn án lójúkojú pé ńṣe ni ó wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú kó. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí a rántí ohun tí a kọ ní 7.1: inú blúùsì ni rọ́ọ̀kì ti jáde, àwọn tí ó dá blúùsì sílẹ̀ sì jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti etí òkun yìí, tí púpọ̀ nínú wọn kú ní òtòṣì nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ́ ilé. Ìrora gidi ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀sùn náà. McCartney kò bá a jiyàn. Ó tan téèpù fún un kí ó gbọ́, Fẹlá gbọ́ ọ, ó sì rí i pé kò sí ohun ìní òun níbẹ̀. Àlejò náà ti lọ sí Afrika Shrine, ibi tí Fẹlá ti ń ṣeré ní Ìdí-Orò, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ẹgbẹ́ Fẹlá bẹ̀rẹ̀ sí í lù, omijé ni ó bọ́ lójú òun.

Ìbéèrè Fẹlá ṣe pàtàkì ju ìdáhùn ọjọ́ náà lọ, nítorí pé ó kan BLO àti Ofege náà láti apá kejì. Bí Òyìnbó bá mú orin wa, olè ni a ń pè é. Bí ọmọ wa bá mú gìtá Òyìnbó ńkọ́? Nínú *Chapter One* àti *Try and Love*, ohun tí ó ti ilé lọ ni ó padà wálé, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn.

7.8 Lẹ́yìn ọdún náà

Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn orin ijó tí a ń pè ní fọ́ńkì àti dísíkò ti gba ojú agbo, BLO pàápàá sì ti yí sí wọn. Laolu Akins kò fi orin sílẹ̀: òun ni ó ṣe kòkárí *Ace*, àwo tí Shina Peters gbé jáde ní ọdún 1989, tí jùjú fi gba ọ̀nà tuntun. Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ àwo Strut ní London kó orin BLO jọ, ó sì tún wọn tẹ̀ jáde.

Kókó pàtàkì

Ilé iṣẹ́ irin Birmingham ni ohùn heavy metal ti ṣẹ̀. Ohùn híhá ń wáyé nígbà tí iná bá ju agbára ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ. Ní 1973, *Chapter One*, *Try and Love* àti *Gentleman* jáde ní Nàìjíríà, ARC ṣí ní Ìkẹjà, Wings sì gba ohùn sílẹ̀ ní Àpápá.

Ìdánrawò

1. Fún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní oríkì, kí o sì fi àpẹẹrẹ tìrẹ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: rọ́ọ̀kì líle, ríìfù, ohùn híhá, ojú ọ̀nà téèpù.

2. Ṣàlàyé bí ìpalára tí ó ṣe Tony Iommi ṣe yí ohùn gìtá rẹ̀ padà.

3. Ta ni àwọn mẹ́ta tí ó dá BLO sílẹ̀, kí sì ni iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn? Lo àpẹẹrẹ òfì láti fi dáhùn.

4. Lọ sí ọ̀dọ̀ onílù kan ní àdúgbò rẹ. Bẹ̀ ẹ́ kí ó lu ìyáàlù pẹ̀lú ṣaworo, kí ó sì tún un lù láìsí ṣaworo. Kọ ohun tí etí rẹ gbọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan.

5. Ẹ pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Kí apá kan gba ẹnu Fẹlá sọ̀rọ̀, kí apá kejì gba ẹnu McCartney, kí ẹ sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí: ta ni ó ni orin?

6. Dúró létí agbẹ̀dẹ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fi àtẹ́wọ́ pa ìlù ọmọ-owú tí o bá gbọ́, kí o sì kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ kan ní i.